Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ojúlówó Oúnjẹ Ṣáínà Jẹ Lẹ́yìn Odi Ṣáínà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ Ṣáínà tó wà káàkiri ayé, oríṣi oúnjẹ méjì ló ń jáde láti inú ilé ìdáná kan náà. Èkíní ni wọ́n ń gbé fún àlejò: adìẹ díndín tí ọbẹ̀ pupa aládùn bò mọ́lẹ̀, ìrẹsì díndín, àti bísíkíìtì kékeré tí ìwé àsọtẹ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èkejì ni alásè àtàwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń jẹ fúnra wọn, òun náà ni wọ́n sì ń gbé fún ará ìlú wọn tó bá wọlé. Ẹni tó fẹ́ jẹ èkejì ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ yé béèrè bóyá oúnjẹ ibì kan jẹ́ ti Ṣáínà lóòótọ́. Ẹ béèrè apá ibi tí alásè ti wá ní Ṣáínà. Orílẹ̀-èdè náà tóbi débi pé ohun tí ará àríwá ń jẹ lójoojúmọ́ lè ṣàjèjì pátápátá sí ará gúúsù. Bí ẹ bá ti mọ ibi tí ọwọ́ alásè ti mọ iṣẹ́, ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹ ní kó sè fún yín.

Kí ló fà á tí oúnjẹ tó kún ìta fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Guangdong ní gúúsù ni púpọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé ti wá, pàápàá àgbègbè Taishan. Lọ́dún 1882 ìjọba ṣe òfin tó dí ọ̀nà mọ́ àwọn lébìrà ará Ṣáínà, wọn ò sì fagi lé e títí di 1943. Àwọn díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ń se oúnjẹ fún oníbàárà tí kì í ṣe ará ilé wọn, ohun tí wọ́n bá rí lọ́jà ibẹ̀ ni wọ́n sì ń lò. Ibẹ̀ ni chop suey, ìyẹn ẹran àti ẹ̀fọ́ gígé tí wọ́n dín pọ̀, ti gbilẹ̀. Ẹ̀yìn òfin tuntun ti 1965 ni ará ìpínlẹ̀ mìíràn tó ya wọlé dáadáa. Ẹ wo adìẹ General Tso tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà: Peng Chang-kuei, alásè ọmọ Hunan tó sá lọ sí Taiwan, ló kọ́kọ́ sè é níbẹ̀, kò sì dùn bí ṣúgà nígbà náà. Ìgbà tó dé New York ní àwọn ọdún 1970 ni ṣúgà wọ̀ ọ́. Bísíkíìtì àsọtẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn ará Japan tó ń gbé ní California ló gbé e jáde.

Èmi ò bú oúnjẹ wọ̀nyí o. Chifa, ìyẹn oúnjẹ Ṣáínà tó dàpọ̀ mọ́ ti ìbílẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ní Peru àti núdù dúdú jajangmyeon ti Korea ti di ohun ìní àwọn tó ń jẹ wọ́n, wọ́n sì dùn gan-an. Àmọ́ bí ẹ bá jáde nílé torí oúnjẹ ìlú Chengdu tàbí ti Xi'an ní Ṣáínà, kò yẹ kí wọ́n gbé ohun mìíràn síwájú yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan apá ibi tí ẹ fẹ́ jẹ oúnjẹ rẹ̀

Kò dìgbà tí ẹ bá mọ gbogbo ìpínlẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Sichuan ni ti ata, àmọ́ kì í ṣe ata nìkan. Èso kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní huajiao. Èèpo rẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń lò, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì là lẹ́nu. Bí ẹ bá fi eyín tẹ ẹyọ kan, òórùn bíi ti èèpo ọsàn ló máa kọ́kọ́ ta sí yín nímú, lẹ́yìn náà ètè yín á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ahọ́n á sì kú díẹ̀. Ohun tó ń pa ẹnu yìí pẹ̀lú ata gbígbẹ ni ẹ̀mí oúnjẹ Sichuan. Láti 1968 títí di 2005, Amẹ́ríkà fòfin de kíkó huajiao wọlé nítorí àrùn tó ń ba igi ọsàn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tó lóun ń ta ti Sichuan láyé ọjọ́un ò lè sè é bó ṣe yẹ bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́, àwọn oníbàárà sì gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Hunan náà fẹ́ràn ata, ó tiẹ̀ lè ta ju ti Sichuan lọ, ṣùgbọ́n kì í pa ẹnu. Ata tútù àti ata tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ ni tiwọn, pẹ̀lú ẹran tí wọ́n fi èéfín gbẹ.

Guangdong àti Hong Kong, ìtọ́wò wọn rọlẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹja dùn bí ẹja, kí ẹ̀fọ́ sì dùn bí ẹ̀fọ́. Atalẹ̀, àlùbọ́sà eléwé àti omi sóyà díẹ̀ ti tó. Àwọn ló ni dim sum, ìyẹn oríṣiríṣi oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n ń fi tíì jẹ, àwọn ló ni pẹ́pẹ́yẹ sísun tí wọ́n gbé kọ́ sójú gíláàsì. Shanghai àti àyíká rẹ̀ fẹ́ràn omi sóyà àti ṣúgà díẹ̀, kí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ jinná títí ọ̀rá rẹ̀ á fi máa gbọ̀n lórí àwo.

Ní àríwá, àlìkámà ló jọba: núdù, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, àti jiaozi, ìyẹn ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wé ẹran. Xi'an ní núdù fífẹ̀ bí bẹ́líìtì, Lanzhou ní núdù fífà nínú omi ẹran màlúù, Xinjiang ní ẹran àgùntàn tí wọ́n fi kúmínì yan lórí ẹyin iná àti adìẹ àwo ńlá tí pòtétò wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Dongbei ní ìhà àríwá ìlà oòrùn ní kábéèjì kíkan, oúnjẹ wọn sì máa ń pọ̀ nínú àwo.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ lọ sí àdúgbò tí wọ́n ń gbé

Chinatown, ìyẹn àdúgbò àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ tó wà láàárín ìlú, lẹ́wà láti wò, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn arìnrìn-àjò ni ibẹ̀ ń fojú sùn. Àwọn tó ń jẹun lójoojúmọ́ ti kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ní New York, ẹ lọ sí Flushing ní Queens tàbí Sunset Park ní Brooklyn. Ní Los Angeles, San Gabriel Valley ni, láti Monterey Park dé Alhambra àti kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Vancouver, ẹ sọdá sí Richmond; ní Toronto, ẹ lọ sí Markham àti Scarborough. Box Hill ni ti Melbourne, Hurstville àti Eastwood ni ti Sydney. Ní Johannesburg, òpópónà Derrick ní Cyrildene ni mo lè júwe fún yín dípò Chinatown àtijọ́. Paris ní Belleville àti àdúgbò kẹtàlá. Ní ìlú Prato ní Ítálì, ará Wenzhou ló pọ̀ jù, torí náà oúnjẹ etíkun ìlú wọn ni kí ẹ béèrè níbẹ̀. Ní Tokyo, Ikebukuro ló yẹ kí ẹ lọ.

Bí ìlú tí ẹ wà bá kéré, tí kò ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ wá yunifásítì tó ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ láti Ṣáínà. Àwọn ọmọ yẹn fẹ́ oúnjẹ ilé wọn, ilé oúnjẹ kékeré tó ń se é kì í sì í jìnnà síbi tí wọ́n ń gbé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Australia, ọ̀nà yìí kì í sábà já èèyàn kulẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi lẹ́tà Ṣáínà wá a lórí fóònù

Bí ẹ bá tẹ "Chinese food" sórí máàpù, ibi tí àwọn àjèjì fẹ́ràn ló máa gbé jáde. Ẹ da àwọn lẹ́tà yìí kọ, kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ibi ìwákiri Google Maps:

川菜 – oúnjẹ Sichuan
湘菜 – ti Hunan
粤菜 tàbí 粵菜 – ti Guangdong
本帮菜 – ti Shanghai
东北菜 – ti Dongbei
兰州牛肉面 – núdù ẹran màlúù ti Lanzhou
清真 – oúnjẹ hàlálì

Ẹ jẹ́ kí 川 wọ̀ yín lójú dáadáa. Ìlà mẹ́ta péré ni, tó wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá rí i lára pátákó, ó ṣeé ṣe gan-an pé ti Sichuan ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn kọ nípa ibẹ̀, kí fóònù túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Áàpù Xiaohongshu wúlò gan-an nítorí àwọn tó ń gbé lẹ́yìn odi máa ń gbé fọ́tò oúnjẹ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àdúgbò. HungryPanda àti Fantuan, tí wọ́n fi ń pàṣẹ oúnjẹ wá sílé ní ọ̀pọ̀ ìlú, á fi ohun tí wọ́n ń rà níbẹ̀ hàn yín kí ẹ tó kúrò nílé. Iye ìràwọ̀ tí àwọn èèyàn fún ilé oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ jámọ́ nǹkan lójú mi. Mo ti jẹun aládùn níbi tí wọ́n ti ń bínú pé òṣìṣẹ́ ò rẹ́rìn-ín sí àwọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fojú wò ó kí ẹ tó jókòó

Bí sushi ti Japan, pad thai ti Thailand àti oúnjẹ Ṣáínà bá pàdé nínú ìwé oúnjẹ kan, ẹ máa bá tiyín lọ. Kò sí alásè kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo wọn. Ilé tó kọ orúkọ ìlú tàbí ìpínlẹ̀ kan sára pátákó rẹ̀ ti sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe fún yín. Ìwé oúnjẹ kúkurú dára. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sórí bébà pupa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tún dára jù, torí ohun tó dé lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn ló máa ń wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo orí tábìlì àwọn tó ti jókòó. Kì í ṣe pé kí ẹ kàn ka iye ará Ṣáínà tó wà níbẹ̀, torí bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò lè já gbogbo wọn síbi tí oúnjẹ rẹ̀ ò dáa. Ohun tí wọ́n ń jẹ ni kí ẹ wò. Ṣé àwo ńláńlá wà láàárín tí gbogbo wọn ń bù jẹ, àbí kálukú dojú kọ àwo tirẹ̀? Ṣé ìyá àgbà àti ọmọdé wà níbẹ̀? Ìdílé mélòó kan tó pín ẹja odindi jẹ lálẹ́ ọjọ́ Sunday, ẹ̀rí ńlá nìyẹn.

Àwọn kan gbà pé bí ibì kan bá ṣe dọ̀tí tó ni oúnjẹ rẹ̀ ṣe jẹ́ ojúlówó tó. Irọ́ ni, ó sì ń bí mi nínú, torí ó dà bíi pé àwọn ará Ṣáínà kì í jẹun níbi tó mọ́. Bákan náà ni àkọlé pé àwọn ò fi ajínómótò sí oúnjẹ. Ojú àlejò ni wọ́n ń fi ìyẹn wá, kò sọ nǹkan kan nípa alásè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gba ìwé oúnjẹ kejì

Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní ìwé oúnjẹ méjì, èyí tó kún fún oúnjẹ gidi sì lè jẹ́ kìkì lẹ́tà Ṣáínà. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ yìí hàn wọ́n lójú fóònù: 有中文菜单吗? Ó ń béèrè bóyá ìwé oúnjẹ èdè Ṣáínà wà. Bó bá dé, ẹ gbé kámẹ́rà Google Translate lé e lórí.

Ìtumọ̀ tó máa jáde lè dẹ́rù bà yín. 蚂蚁上树 á jáde bí èèrà tó ń gun igi. Ẹran lílọ̀ lórí núdù tín-ín-rín ni, kò sí èèrà kankan nínú rẹ̀. Bí orúkọ kan bá rú yín lójú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi ìwákiri fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí bó ṣe ń rí nínú àwo.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ibí náà ló sì ń so èso jù. Òṣìṣẹ́ tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu yín ti rí àlejò púpọ̀ tó dá àwo padà nítorí eegun inú ẹja tàbí nítorí ata. Ó ti kọ́ láti dáàbò bo ara rẹ̀. Nígbà tó bá ní, "Ẹ ò ní fẹ́ràn ìyẹn," kì í ṣe àbùkù ló ń fi kàn yín. Owó oúnjẹ tí wọ́n lè dá padà ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀: ẹ sọ pé ẹ ti mọ oúnjẹ náà, pé bó bá dé, ẹ ó jẹ ẹ́, ẹ ó sì sanwó rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè méjì. 师傅是哪里人? ń béèrè ibi tí alásè ti wá. 招牌菜是什么? ń béèrè oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn. Ẹ bi wọ́n léèrè lọ́nà yìí dípò kí ẹ ní kí wọ́n gbé ohun tó dáa wá, torí ohun tí wọ́n rò pé àlejò fẹ́ ni wọ́n á gbé wá. Mo ti rí i tí ojú òṣìṣẹ́ yí padà pátápátá nígbà tó gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀ lẹ́nu àjèjì: ó jókòó ti tábìlì, ó gba bírò, ó sì fa ìlà gba orí ìdajì ohun tí a ti yàn.

Bí ẹ̀rù èdè bá ń bà yín, ẹ nawọ́ sí àwo tó wà lórí tábìlì kejì, kí ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ti ata, ẹ sọ òótọ́. 微辣 ni díẹ̀, 中辣 ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 特辣 ni èyí tó máa pa yín lẹ́kún.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi oúnjẹ kan dán ilé ìdáná wò

Nílé oúnjẹ Sichuan, mapo tofu ni kí ẹ pè, ìyẹn tofu (wàrà sóyà) nínú ọbẹ̀ ata. Oúnjẹ Chengdu ni, kò wọ́n, kò sì sí ibi tí alásè lè fara pa mọ́ sí nínú rẹ̀. Tofu náà gbọ́dọ̀ rọ̀ bí ògì dídì, síbẹ̀ kó má fọ́. Òróró pupa ló gbọ́dọ̀ yí i ká, àwọ̀ tó wá láti ara doubanjiang, ìyẹn ata àti ẹ̀wà ńlá tí wọ́n jọ rẹ pẹ̀lú iyọ̀ títí ó fi kan. Èyí tó lókìkí jù wá láti Pixian lẹ́bàá Chengdu. Lójú oúnjẹ, ẹ gbọ́dọ̀ rí huajiao lílọ̀ dúdúdúdú. Bó bá dùn bí ṣúgà, tó sì ki bí ẹ̀kọ, tí ètè yín ò sì gbọ̀n, ẹ sanwó, ẹ dìde. Àwo kan ṣoṣo lẹ pàdánù.

Nílé oúnjẹ Guangdong, 干炒牛河 ló ń tú àṣírí: núdù ìrẹsì fífẹ̀ tí wọ́n fi ẹran màlúù dín lórí iná tó le. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́. Èéfín agbada gbígbóná gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kí núdù má fọ́, kí adágún òróró má sì ṣẹ́kù sísàlẹ̀ àwo. Bí owó bá wà lọ́wọ́, ẹ pe ẹja láti inú àpótí gíláàsì, kí wọ́n fi ooru omi sè é. Ẹran ẹja náà gbọ́dọ̀ máa ṣí kúrò lára eegun ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má gbẹ. Bí ẹ bá rí 时价 nínú ìwé oúnjẹ, iye ọjọ́ náà ni wọ́n máa gbà. Ẹ béèrè rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sì wọn ẹja náà lójú yín kí wọ́n tó pa á. Dim sum ní tirẹ̀, òwúrọ̀ sí ọ̀sán ni àsìkò rẹ̀. Ẹ tètè dé.

Níbi tí wọ́n ti ń ta núdù Lanzhou, ẹ jókòó síbi tí ẹ ó ti máa wo ẹni tó ń fà á. Á mú ìyẹ̀fun tó ti pò, á na ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ, á fi í na pákó, pà! á ṣẹ́ ẹ po, á tún fà á. Bó bá ṣẹ́ ẹ po nígbà mẹ́jọ, fọ́nrán kan ti di 256. Wọ́n á béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ kó nípọn tó. Omi ẹran gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, kí ràdíṣì funfun, òróró ata pupa àti ewé tútù wà lójú rẹ̀. Bí ẹ ò bá gbọ́ ìró ìyẹ̀fun lórí pákó, inú páálí ni núdù yẹn ti wá.

Ti Shanghai, ẹ wo xiaolongbao, ìyẹn ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wé ẹran, tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Omi ẹran tí wọ́n jẹ́ kó dì ni wọ́n dì sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹran, ooru ló ń yọ́ ọ. Bí ẹ bá rọra gbé e sókè, ó gbọ́dọ̀ so rọ̀ bí àpò omi láìya. Ẹ gbé e sórí ṣíbí, ẹ bù ú jẹ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fa omi rẹ̀ mu. Ó ń jó ni o!

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ pàṣẹ bí ará ilé

Àwo kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá fi ọ̀kan lé e, gbogbo rẹ̀ á sì wà láàárín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ díndín, ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ta. Oúnjẹ tútù kan fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹran tàbí ẹja, ọbẹ̀ olómi, àti ẹ̀fọ́. Àwọn àlejò kì í ka ẹ̀fọ́ sí, èyí sì ń dùn mí, torí ẹ̀fọ́ tútù tí wọ́n yí lórí iná le koko pẹ̀lú aáyù lè jẹ́ ohun tó dùn jù lórí tábìlì. Ẹ béèrè èyí tó dé lónìí. Ẹ jẹ ìrẹsì funfun ní funfun, ẹ má da omi sóyà lé e.

Bí ẹ kì í bá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ wá 清真. Mùsùlùmí ló sábà máa ń ni ilé núdù Lanzhou, ará Xinjiang náà sì ní tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kó dá yín lójú. Bí ẹ kì í bá jẹ ẹran rárá, ẹ kíyè sára: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, omi ẹran àti sọ́ọ̀sì òísítà máa ń wọ inú ẹ̀fọ́ láìsí ẹni tó máa sọ. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ jẹ́ kí fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, kó sì fi hàn wọ́n kí iná tó tàn.

Bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù, ẹ sọ pé 打包, wọ́n á dì í fún yín, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Mapo tofu àti ẹran tí wọ́n fi omi sóyà sè á tún dùn lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìrẹsì tuntun. Àmọ́ ẹ jẹ núdù inú omi tán níbẹ̀, torí kí ẹ tó délé, á ti mu gbogbo omi rẹ̀ gbẹ.